Owú Ẹ̀gbọ́n, Ṣé Ẹ̀ṣẹ̀ Ni?

Augustine, bíṣọ́ọ̀bù ìlú Hippo, ará Áfíríkà ni. Thagaste ni wọ́n ti bí i lọ́dún 354, ní ilẹ̀ tí à ń pè ní Algeria lónìí. Nínú ìwé tó ti ń jẹ́wọ́ ayé rẹ̀ fún Ọlọ́run, ó sọ̀rọ̀ nípa ọmọ ọwọ́ kan tó fojú ara rẹ̀ rí. Ọmọ náà ò tíì lè sọ̀rọ̀. Ọmọ mìíràn ń mu nínú ọmú tí òun náà ń mu, ni ojú rẹ̀ bá ṣá, tó wá ń wo èkejì rẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ gbé e mì. Augustine ní ẹ̀rí rèé pé ẹ̀ṣẹ̀ ti wà lára wa kí a tó gbọ́njú. Ó ní apá ọmọdé ni ò ká ibi í ṣe, kì í ṣe pé ọkàn rẹ̀ mọ́.

Kíláàsì àwa tí wọ́n ń kọ́ láti máa ka ẹ̀kọ́ nínú ìjọ ni mo ti bá ọ̀rọ̀ yìí pàdé, lẹ́yìn tí mo fẹ̀yìn tì. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí ni mo ṣe, ní Ifọ̀ lákọ̀ọ́kọ́, lẹ́yìn náà ní Ìbàfò, kí n tó padà sílé ọkọ mi ní Ọ̀fàdà níbí. Bí olùkọ́ ṣe ka ibẹ̀ tán, gbogbo wọn mirí. Mo nawọ́. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé ẹnikẹ́ni yẹ ikùn ọmọ náà wò bóyá ó yó?" Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Olùkọ́ ní Augustine fẹnu ara rẹ̀ sọ pé wàrà ń ṣàn, pé ó tó àwọn méjèèjì. Mo ní ta ló wọ̀n ọ́n fún un? Bíṣọ́ọ̀bù ò fún ọmọ lọ́mú rí.

Mi ò fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ojú tó ṣá yẹn, mo mọ̀ ọ́n. Ọ̀kan nínú ohun tí wọ́n kọ́kọ́ kọ́ wa nílé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì ni bí a ṣe ń dá a mọ̀. Ní 1933, dókítà obìnrin kan tó ń jẹ́ Cicely Williams, tí wọ́n bí ní Jàmáíkà, tó ń ṣiṣẹ́ ní Gold Coast tó di Ghana lónìí, kọ̀wé nípa àìsàn kan tó ń pa àwọn ọmọ tí wọ́n ń fi oúnjẹ àgbàdo nìkan bọ́. Ẹsẹ̀ ọmọ á wú, awọ ara á máa bó, irun á pọ́n, kò ní ṣeré, kò ní rẹ́rìn-ín, á kàn máa ké. Ní 1935 ó tún kọ òmíràn, ó sì lo orúkọ tí àwọn ìyá Gáà ń pe àìsàn náà: kwashiorkor. Àwa tí a rí àwòrán àwọn ọmọ inú ogun Biafra rò pé orúkọ ebi lásán ni. Lẹ́nu àwọn ìyá wọ̀nyẹn, àìsàn tó ń ṣe ẹ̀gbọ́n nígbà tí àbúrò bá dé ni. Wọ́n ti rí i tipẹ́ pé ọmọ tí wọ́n já lẹ́nu ọmú láìtọ́jọ́, nítorí pé òmíràn ti wà nínú ìyá rẹ̀, ló máa ń rù, tí ojú rẹ̀ máa ń ṣá.

Nítorí náà, ọmọ kan náà ni. Bíṣọ́ọ̀bù rí i, ó pè é ní ẹ̀ṣẹ̀. Àwọn ìyá Gáà rí i, wọ́n pè é ní àìsàn. Dókítà náà sì ní làákàyè tó láti bi àwọn ìyá léèrè.

Àwọn baba ńlá wa ò ka ìwé kankan, àmọ́ wọ́n mọ̀ pé ẹ̀gbọ́n lè kú nítorí àbúrò. Ọ̀nà tí wọ́n gbà múra ọmọ sílẹ̀ de àbúrò rẹ̀ ò ní ìtàn nínú, kò ní ẹ̀bùn nínú. Wọ́n dúró ni. Ìyá tó ń tọ́mọ lọ́wọ́ kì í bá ọkọ sùn títí ọmọ á fi rìn dáadáa, tí á fi já lẹ́nu ọmú. Àwọn tọkọtaya onímọ̀ kan láti Australia, John Caldwell àti Pat Caldwell, ṣe ìwádìí lórí èyí láàárín àwa Yorùbá, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1977: ọdún méjì sí mẹ́ta làwọn obìnrin fi ń yẹra fún ọkọ wọn. Ìdí tí àwọn àgbà ń sọ ni pé àtọ̀ ọkùnrin máa ń ba wàrà jẹ́. Èmi nọ́ọ̀sì mọ̀ pé kò rí bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ohun tí irọ́ yẹn ń ṣọ́, òótọ́ ni. Kùráánì náà, nínú Súrátù Bákárà, sọ ọdún méjì pípé fún ìyá tó bá fẹ́ fún ọmọ lọ́mú tán. Àjọ Ìlera Àgbáyé náà ní ó kéré tán, kí oṣù mẹ́rìnlélógún kọjá lẹ́yìn ìbímọ kí obìnrin tó tún lóyún. Kí ẹnikẹ́ni má kàn wá máa gbé àwọn baba yẹn gẹ̀gẹ̀ jù ṣá. Nígbà tí ìyàwó ń yẹra, ọkọ ń rí yàrá ìyàwó mìíràn wọ̀.

Ní agbègbè wa yìí, dídúró ti di ohun tí kò rọrùn. Àwọn ọ̀dọ́ tọkọtaya tí owó ilé Èkó lé jáde wá ra ààbọ̀ pulọ́ọ̀tì sí Mòwé, wọ́n kọ́ ọ dé ìwọ̀n tó lè gbé ènìyàn, wọ́n sì kó wọ inú rẹ̀. Kí ilẹ̀ tó mọ́ wọ́n ti wà ní ẹsiprẹ́ẹ̀sì, kí wọ́n tó padà ọmọ ti sùn. Obìnrin tó lọ́kọ lẹ́yìn ọgbọ̀n ọdún ò fẹ́ dúró. Ó fẹ́ bí méjì, kó sinmi. Nígbà tí mo wà ní Ìbàfò, èmi náà gbẹ̀bí àwọn ìlọ̀rí mélòó kan, tí ìyá wọn ò mọ̀ pé oyún ti dúró nítorí pé nǹkan oṣù ò tíì padà dé. Ẹ̀gbọ́n irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ò tíì yọ eyín tán.

Ohun kan tún wà tó ń yà mí lẹ́nu. Bí ọjọ́ Jímọ̀ àkọ́kọ́ nínú oṣù bá pé, ọkọ̀ á kún ojú ọ̀nà láti Bẹ́gà títí dé Kámpù Rìdíìmù. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń lọ ń wá ọmọ. Ìlú Àdúrà tí ìjọ MFM kọ́ náà wà nítòsí, wọ́n ń ké pe Ọlọ́run níbẹ̀ fún ọlẹ̀ tí kò sọ. Lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ, kí omi àti oyin tó gbẹ lẹ́nu ọmọ, àgbà ti ń wúre pé a ó fi takọ-tabo tì í lẹ́yìn. Ọmọ ọjọ́ mẹ́jọ, a ti ń gbàdúrà fún ẹni tí yóò gba ẹ̀yìn ìyá lọ́wọ́ rẹ̀, a sì ń ṣe àmín. Mi ò ní kí a má ṣe é. Mo kàn ń wò ó pé nínú gbogbo àdúrà yìí, mi ò tíì gbọ́ kí ẹnìkan dárúkọ ọmọ tó ti wà nílẹ̀.

A kì í bi í léèrè, àfi tí a bá fẹ́ fi í ṣe woṣẹ́woṣẹ́. Bí ọmọdé bá tẹ̀ ba, tó ń yọjú wo ẹ̀yìn láàárín ẹsẹ̀ ara rẹ̀, a ní àbúrò ló ń wá. A ó ní kó sọ fún wa, akọ ni tàbí abo ló wà nínú mọ́mì? A gbà pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ọ̀run dé, pé kò tíì gbàgbé ọ̀nà. Àmọ́ ẹni tí a kà sí arínúróde yẹn náà la kì í fẹ́ sọ nǹkan fún. Oyún nílẹ̀ Yorùbá, a kì í kéde rẹ̀. Ayé le, ẹnu ọmọdé ò sì ní ìlẹ̀kùn. Bó bá gbọ́ láàárọ̀, àwọn ará kírẹ́ṣì á ti gbọ́ kó tó dọ̀sán. Ìbẹ̀rù yẹn yé mi. Mo ti rí i nílé ìgbẹ̀bí, tí ọmọ inú ò ké nígbà tó jáde, tí ọmọdé kan sì dúró lẹ́nu géètì tó ń retí àbúrò. Ìyá rẹ̀ ò lè sọ̀rọ̀. Ìyá àgbà ló sọ fún un pé àbúrò ti padà. Ọmọ náà béèrè pé ṣé ẹ̀gbọ́n lòun ṣì jẹ́. Ìyá àgbà ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹ̀gbọ́n ni ọ́. Èmi náà gbà bẹ́ẹ̀. Bí oyún bá ti yọ débi pé ọmọ ò rí itan ìyá rẹ̀ jókòó sí dáadáa mọ́, ó yẹ kí wọ́n sọ fún un, kó má bàa rò pé òun ló ṣẹ̀.

Ọmọ mi obìnrin ń gbé Mòwé. Àkọ́bí rẹ̀ ni mò ń pè ní ọkọ mi, bí àwa ìyá àgbà ṣe máa ń ṣe. Nígbà tí oyún kejì wọ oṣù rẹ̀, ó fóònù mi pé, "Mọ́mì, mo fẹ́ kí ọkọ yín wá bá yín ní Ọ̀fàdà títí a ó fi sọmọ lórúkọ." Ohun tí gbogbo ayé ń ṣe ni. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe fún èmi náà nígbà tí wọ́n bí àbúrò mi. Mo ní rárá. Mo ní bí ọmọ bá kúrò nílé ní àkọ́bí tó sì padà wá bá ẹlòmíràn lórí bẹ́ẹ̀dì, ta ni yóò sọ fún un pé wọn ò fi pààrọ̀ rẹ̀? Mo ní èmi ni n ó wá sí Mòwé. Mo di ẹrù mi, mo di ìrẹsì Ọ̀fàdà tí mo ti fẹ́ tí mo sì ti ṣa sínú àpò, mo wọ kórópe.

Kí ọmọ tó dé, mo ti fún ọkọ mi níṣẹ́. Ẹ mọ bí a ṣe ń sọ ọ́ nílẹ̀ wa, pé Kẹ́hìndé ni àgbà, òun ló rán Táíwò jáde pé kó lọ tọ́ ayé wò. Mo mọ̀ pé kò sí nínú Bíbélì. Àmọ́ mo sọ fún un pé bí ó ti rí fún ìbejì náà ló rí fún un: òun ni wọ́n rán ṣíwájú, kó máa jábọ̀ fún ẹni tó ń bọ̀. Láti ìgbà náà, á gbé ẹnu sẹ́gbẹ̀ẹ́ ikùn ìyá rẹ̀ lálẹ́, á máa jábọ̀. Wọ́n ti mú iná lọ o. Dódò ti tán. Ajá ilé kejì ti bímọ. Kò sọ ọ̀rọ̀ dídùn kan, mi ò sì ní kó sọ. Àwọn ará ilé fẹ́ kó máa sọ pé "Àbúrò mi, mo nífẹ̀ẹ́ rẹ." Mo ní ẹ fi í sílẹ̀. Kò mọ ẹni náà.

Mo lé irọ́ jáde nílé náà pẹ̀lú. Mi ò gbà kí ẹnikẹ́ni sọ pé wọ́n rà á ní ọsibítù, nítorí ohun tí wọ́n bá rà, ẹ̀gbọ́n mọ̀ pé wọ́n lè tà. Mi ò gbà kí wọ́n ní nítorí tirẹ̀ la ṣe bí i, kó lè rí ẹni bá ṣeré. Ọmọ tuntun ò lè bá a ṣeré, ọjọ́ kìíní ló máa mọ̀. Èyí tó burú jù ni àwàdà àwọn àlejò: "Oò rí i, wọ́n ti gbapò lọ́wọ́ ẹ. Mọ́mì ò ní tìẹ mọ́." Wọ́n á sọ ọ́, wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á na owó sí ọmọ tuntun lórí rẹ̀ kọjá. Mo dúró sẹ́nu ọ̀nà, mo ní ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ rí ọmọ, kó kọ́kọ́ kí ẹ̀gbọ́n kú ewu. Ó ń dáhùn bí ìyá ọlọ́mọ: "A dúpẹ́ o."

Ṣé ó wá jowú? Ó jowú. Ọmọ tó jẹun yó, tí a sọ òótọ́ fún, tí a kí, ó ṣì jowú, ibí yìí ni Augustine ti fẹ́ borí mi. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo na ẹsẹ̀ mi, mo fi omi gbígbóná àti kànìnkànìn wẹ ọmọ tuntun, mo nà án lápá, mo nà án lẹ́sẹ̀, mo ra á lórí. Bí mo ṣe gbé e fún ìyá rẹ̀, ọkọ mi bọ́ra sílẹ̀, ó wá dùbúlẹ̀ sórí ẹsẹ̀ mi. Ẹsẹ̀ tirẹ̀ kọjá orúnkún mi. Ó ní, "Màmá Ọ̀fàdà, ẹ ju èmi náà sókè." Kò ṣeé jù sókè mọ́, mi ò sì purọ́ fún un. Mo ní, "O ti tóbi jù, ẹ̀yìn á dùn mí." Ó sunkún. Mo wá wẹ̀ ẹ́ láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀, mo nà án lápá, mo nà án lẹ́sẹ̀, mo fi òrí pa á, ó ń sunkún ó ń gbádùn rẹ̀.

Alfred Adler, oníṣègùn ọkàn ará Austria, kọ ọ́ pé ọba tí wọ́n rọ̀ lóyè ni àkọ́bí. Ọmọ kejì ni Adler fúnra rẹ̀, bóyá ìdí nìyẹn tí kò fi bá ọba náà kẹ́dùn púpọ̀. Àmọ́ òótọ́ ló sọ. Nǹkan bọ́ lọ́wọ́ ọmọ yẹn. Ìyá tó jẹ́ tirẹ̀ nìkan ti lọ, kò sì ní padà láéláé. A máa ń tù ú nínú pé ìfẹ́ kì í pín. Ìfẹ́ lè má pín, àmọ́ ẹ̀yìn kan ṣoṣo ni ìyá ní, ọmọ kan ló sì ń gbà. Ẹni tí nǹkan sọnù lọ́wọ́ rẹ̀ tó ń sunkún, a kì í pè é ní ẹlẹ́ṣẹ̀.

Àbúrò ọkọ mi, Àáfà ni. Ó kí mi ní Mòwé, ó ní, "Ìyàwó wa, Ànábì ti yanjú rẹ̀." Ó sọ ìtàn An-Nuʿmān ọmọ Bashīr fún mi, tí baba rẹ̀ fẹ́ ta lọ́rẹ, tí ìyá rẹ̀ ní kí baba lọ fi Ànábì ṣe ẹlẹ́rìí. Ànábì bi í bóyá gbogbo ọmọ rẹ̀ ló fún ní irú rẹ̀. Ó ní rárá. Ànábì ní kó bẹ̀rù Ọlọ́run, kó ṣe dọ́gbadọ́gba láàárín àwọn ọmọ rẹ̀, baba náà sì gba ọrẹ padà. Ìtàn yìí wọ̀ mí lára, àmọ́ mo bá a jiyàn. Ọrẹ ṣeé pín dọ́gba. Báwo la ṣe ń pín òru? Ọmọ ọwọ́ ń jí ìyá lóru, ẹ̀gbọ́n ń fẹ́ etí ìyá lọ́sàn-án, ìyá sì ti rẹ̀. Àáfà rẹ́rìn-ín. Ó ní kí n wo Ànábì Yáàkúbù nígbà náà. Yúsúfù lá àlá, baba rẹ̀ ní kó má sọ ọ́ fún àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀, nítorí ó mọ̀ pé wọn á gbìmọ̀ ibi. A jọ dákẹ́. Ohun tí ń bẹ lọ́kàn mi ni pé baba kìlọ̀ fún àbúrò; níbi tí ìtàn dé yẹn, a ò gbọ́ pé ó bá àwọn ẹ̀gbọ́n sọ ohunkóhun.

Ìyẹn ló gbé mi padà sí ìtàn Kéènì inú Bíbélì. Mo ti ń kọ́ àwọn ọmọdé ní ìtàn yẹn nílé ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi láti ìgbà tí mo ti wà ní omidan, òkúta àti ẹ̀jẹ̀ la sì ń sáré dé. Ẹ lọ kà á díẹ̀díẹ̀. Lóòótọ́, ọ̀rọ̀ ẹbọ ni, kì í ṣe ti ọmú. Ọlọ́run gba ti àbúrò, ojú ẹ̀gbọ́n sì rẹ̀wẹ̀sì. Lójú ẹsẹ̀, kó tó ṣe ohunkóhun, Ọlọ́run lọ bá a, ó bi í pé kí ló dé tí ojú rẹ̀ rí bẹ́ẹ̀. Nínú Bíbélì, ọ̀rọ̀ tí Ọlọ́run kọ́kọ́ bá ọmọ tí obìnrin bí sọ nìyẹn: ó ń bi ẹ̀gbọ́n tó ń bínú léèrè ìdí. Ó wá kìlọ̀ fún un pé ẹ̀ṣẹ̀ ń dọdẹ rẹ̀ lẹ́nu ilẹ̀kùn. Lẹ́nu ilẹ̀kùn o. Ojú Kéènì ti ṣá bíi ti ọmọ tí Augustine rí, inú ń bí i, ẹ̀ṣẹ̀ ò sì tíì wọlé. Mo mú ibẹ̀ lọ bá olùkọ́ wa. Ó kà á, ó bọ́ awò rẹ̀, ó tún un kà. Ó ní Augustine á ní èsì. Mo ní kó bá mi kí i.

Lúùkù náà ní ẹ̀gbọ́n kan tó dúró síta. Gbogbo ìwàásù tí mo ti gbọ́ lórí ọmọ onínàákúnàá, orí àbúrò tó ń tọ́jú ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n ń pẹ́ sí. Èmi ń wo baba. Ijó ń lọ, ẹran ti jinná, ẹ̀gbọ́n kọ̀ kò wọlé, baba sì fi àríyá sílẹ̀ jáde lọ bẹ̀ ẹ́. Kò rán ìránṣẹ́. Kò sọ fún un pé kò sí ohun tó yí padà. Ó jẹ́ kó ráhùn tán kó tó dá a lóhùn. Lúùkù ò sọ bóyá ọmọ náà wọlé nígbẹ̀yìn. Ohun tó dájú ni pé ní gbogbo àkókò tí wọ́n fi ń sọ̀rọ̀ níta, àlejò kún ilé, onílé ò sí níbẹ̀.

Lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ ní Mòwé, nígbà tí wọ́n ń dárúkọ lọ́wọ́, ọkọ mi ti lọ jókòó sẹ́yìn ilé nídìí táǹkì omi. Mo ṣẹ́jú sí ọmọ mi. Ó gbé ọmọ tuntun fún mi, ó jáde lọ bá a, ó sì pẹ́ níbẹ̀. Àwọn àna wa bẹ̀rẹ̀ sí í kùn pé irú ìyá ọlọ́mọ wo nìyí tó fi èrò sílẹ̀. Mo ní kí wọ́n má bínú, mo ní kí wọ́n gbé abọ́ wọn wá, mo bu ìrẹsì fún wọn.